Mo wo fíìmù Unrest lánàá, oorun ò kùn mí títí ilẹ̀ fi mọ́

Àkàndé Olóòótọ́ · aago 7:12 àárọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan.

Lánàá ni mo wo dọkumẹ́ńtárì kan tí wọ́n ń pè ní Unrest. Ọdún 2017 ló jáde, èmi ni mi ò tètè gbọ́ nípa rẹ̀. Jennifer Brea, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe é nípa àìsàn tó ń ṣe òun fúnra rẹ̀. Ó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Harvard nígbà tí ibà líle kan gbé e ṣánlẹ̀. Ibà lọ, ara ò padà bọ̀ sípò. Díẹ̀díẹ̀, ó di ẹni tó ń bẹ lórí ibùsùn tọ̀sán-tòru. Dókítà kan ní èrò ọkàn rẹ̀ ló ń dà á láàmú, pé kì í ṣe ara. Ìgbà tó yá ni wọ́n tó wá rí i pé ME ni, àìsàn tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún ń jẹ́ myalgic encephalomyelitis, tí àwọn mìíràn ń pè ní ME/CFS.

Kò lè jókòó kọ̀wé mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ya ara rẹ̀. Orí ibùsùn yẹn náà ló ti darí fíìmù. Àwọn ayàwòrán wà lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn mìíràn lọ́nà jíjìn, òun wà nílé, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Èmi rò pé irú fíìmù tí wọ́n ń fi orin arò sí lábẹ́ ni, kí omi lè máa bọ́ lójú èèyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ibì kan wà tí ẹ máa rí obìnrin náà nílẹ̀, tó ń gbìyànjú àtidìde. Kò sí ẹni tó lù ú, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ọgbẹ́. Ara ló kọ̀. Mo dá fíìmù dúró, mo lọ mu omi, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó lè padà síbẹ̀.

Ohun tó lé oorun lójú mi gan-an rèé. Ọdún kẹfà tí ara ti ń ro ìyàwó mi nìyí. Wọ́n ní fibromyalgia ni, àìsàn tó ń mú kí gbogbo ara máa roni, kó sì máa rẹni. Lọ́jọ́ kan á dìde, á fọṣọ, á máa bá mi ṣẹ̀fẹ̀. Lọ́jọ́ kejì kò ní lè gbé ife omi. Ẹ má bú mi o, mo ti sọ fún un rí pé, "Ṣebí ìwọ lo fọṣọ lánàá?" Lójú tèmi, ọwọ́ mi ti bà á nìyẹn, mo ti rí ẹ̀rí pé ó ń díbọ́n. Àfi ìgbà tí mo wo fíìmù yìí ni mo mọ̀ pé aṣọ àná yẹn gan-an ló gba agbára tí kò fi lè gbé ife lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé, tàbí lára, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Ìyá Méjì · aago 7:40 àárọ̀

Àkàndé, mo kí yín pé ẹ lẹ́nu láti sọ ọ́. Ọkọ tèmi ò tíì sọ tirẹ̀.

Èmi ni ẹni orí ibùsùn nílé tiwa. Endometriosis ni tèmi. Ohun tó jọ awọ inú ilé-ọmọ ló ń hù síbi tí kò yẹ kó ti hù, lẹ́yìn òde ilé-ọmọ, ó sì ń fa ìnira kiri inú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 190 obìnrin àti ọmọbìnrin tó ní i káàkiri ayé, ìyẹn bí ẹyọ kan nínú mẹ́wàá àwọn tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ. Àjọ yìí kan náà ló sọ pé ó lè gba ọdún mẹ́rin sí méjìlá kí wọ́n tó mọ̀ ohun tó ń ṣe èèyàn. Tèmi gba mẹ́sàn-án. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo fi ń gbọ́ pé inú gbogbo obìnrin ló ń run, ta ni mí tí tèmi fi máa yàtọ̀. Dókítà kan fọwọ́ sọ̀yà pé, "Bí ẹ bá ti bímọ, á lọ."

Mo bí méjì. Kò lọ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tí ẹ sọ yẹn ló mú mi kọ̀wé. Bí mo bá ní òde ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé, láti Ọjọ́rú ni mo ti ń tọ́jú ara pamọ́. Mi ò ní gbálẹ̀, mi ò ní gbé nǹkan wúwo, mo máa sùn lọ́sàn-án. Mo máa jáde lọ́jọ́ Sátidé, mo máa kunjú, mo máa jó ẹyọ kan. Wọ́n máa ní, "Ìyá Méjì, ara yín mà ti le!" Mo máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun, ẹ má wá mi wá. Ọjọ́ kan tí mo jáde ni gbogbo ayé rí. Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi tọ́jú ara àti mẹ́ta tí mo fi san gbèsè, èmi àti àjà ilé ni.

Ẹlẹ́sẹ̀ Ayọ̀ · aago 8:05 àárọ̀

Mo mọ̀ pé wọ́n máa bú mi, n ó sọ tèmi.

Ẹ̀yìn dùn mí fún ọdún kan àbọ̀. Mo sùn, mo sùn, kò lọ. Ẹnì kan ní kí n dìde kí n máa rìn. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó di mẹ́wàá, ó di eré sísá. Lónìí, ẹ wo orúkọ mi. Mi ò ní Ìyá Méjì ń purọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìyàwó Àkàndé. Àmọ́ fíìmù báyìí lè mú kí ẹni tó yẹ kó dìde máa sùn sí i. Bí èèyàn bá ń sùn ṣáá, ẹran ara á máa jò, gbogbo oríkèé á le. Ṣé irọ́ nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ · aago 9:31 àárọ̀

Kì í ṣe irọ́, àbúrò. Mo fi àbúrò pè ọ́ torí ó dá mi lójú pé mo jù ọ́ lọ. Ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ alẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ, bó ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí ẹ̀yìn ń dùn nìyẹn. Ìrìn dára fún un ju oorun lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ìwọ ń fi oògùn ẹ̀yìn wo ohun tí kì í ṣe ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ME ná, torí òun ni fíìmù dá lé. Ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ni pé bí ẹni tó ní i bá lo ara kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ìbáà ṣe ìrìn, ìbáà ṣe ìwé kíkà, àní ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ sísọ, á dà wó. Kì í sì í sábà ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba wákàtí méjìlá, ó lè di ọjọ́ kejì kó tó dé, á sì fi ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan tì í mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aráalé kì í fi í so ó pọ̀ mọ́ ohun tó fà á. Ẹ ti rí i tó ń rìn lánàá, ó ń rẹ́rìn-ín, kí ló wá ṣe é lónìí?

Àwọn dókítà pàápàá gbà bí ìwọ ṣe gbà. Ní 2011, wọ́n gbé ìwádìí ńlá kan jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet, tí wọ́n ń pè ní PACE. Àwọn aláìsàn 641 ni wọ́n lò, wọ́n sì ní kí apá kan nínú wọn máa fi eré ìdárayá kún eré ìdárayá díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní ó ṣiṣẹ́. Àwọn aláìsàn ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ti yí òṣùwọ̀n padà nígbà tí iṣẹ́ ti ń lọ. Aláìsàn kan tó ń gbé ní Ọsirélíà, tí òun fúnra rẹ̀ kò lágbára, ló béèrè fún àkọsílẹ̀ inú ìwádìí náà lábẹ́ òfin. Yunifásítì tó ṣe ìwádìí náà kọ̀. Ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́, àwọn yẹn sì ní kí wọ́n kó o síta ní 2016. Nígbà tí wọ́n tún un ṣírò pẹ̀lú òṣùwọ̀n àkọ́kọ́, iye àwọn tí wọ́n lè sọ pé ara wọn yá já wálẹ̀ gan-an. Ní oṣù kẹwàá 2021, àjọ NICE tó ń fi ìlànà ìtọ́jú lélẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n má fún ẹni tó ní ME ní irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ti ìrora wá yàtọ̀ díẹ̀. Bí ìrora bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, a ti ń pè é ní bárakú. Nígbà mìíràn, ohun tó fà á ti san, ìrora ò lọ. Ajá tó ń gbó ni, olè ti lọ tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó dákẹ́. Èyí ni wọ́n fi gbà níkẹyìn pé ìrora fúnra rẹ̀ lè jẹ́ àìsàn: nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to àìsàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, ìrora bárakú ní nọ́ńbà tirẹ̀.

Torí pé o fẹ́ràn eré ìdárayá, jẹ́ kí n fi èyí sí i. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní bàbá ìtọ́jú ìrora, John Bonica, ìjàkadì ló ń jà láti fi rówó ilé ìwé ìṣègùn san. Ìbòjú ló máa ń dè wọ agbo. Ìjàkadì yẹn bà á lára jẹ́ débi pé ìrora ni òun náà bá gbé títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Òun ló kọ ìwé ńlá nípa ìtọ́jú ìrora ní 1953, òun náà ló sì pe àwọn onímọ̀ jọ ní 1973 tí ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ìrora fi dìde. Ọkùnrin tó lè gbé èèyàn méjì ṣánlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹlẹ́sẹ̀ Ayọ̀ · aago 9:50 àárọ̀

Ẹ ṣé, màmá. Mi ò gbọ́ nípa ti 2021 yẹn rí. Ẹnì kan wà níbi iṣẹ́ wa tí mo ti ń lé kiri pé kó wá bá mi sáré. Ẹ jẹ́ kí n lọ tọrọ àforíjì.

Akọ̀tàn · aago 11:18 àárọ̀

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé àṣìṣe lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní 1955, àìsàn kan, tí wọ́n wá ń pè ní ME lẹ́yìn náà, bẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Royal Free ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló mú jù, dókítà, nọ́ọ̀sì, débi pé wọ́n ti ilé ìwòsàn náà pa fún ìgbà kan. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ní 1970, àwọn oníṣègùn ọpọlọ méjì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kì í ṣe àìsàn, pé ìpayà ló ràn wọ́n. Kí ni ẹ̀rí wọn? Ọ̀kan pàtàkì nínú rẹ̀ ni pé obìnrin ló pọ̀ nínú àwọn tó mú. Ẹ ò mọ èyí tó burú jù: wọn ò bi aláìsàn kan ṣoṣo léèrè ọ̀rọ̀. Fáìlì ni wọ́n kà. Bẹ́ẹ̀ ní 1969, ọdún kan ṣáájú, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti to ME mọ́ àwọn àìsàn ara tó ń ṣe ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára.

Fáìlì yẹn ni gbogbo wa ń jìyà rẹ̀ dòní. Ẹ padà wo fíìmù náà, ẹ wo ibi ọmọbìnrin ará Denmark yẹn. Ní 2013, àwọn aláṣẹ wá gbé e kúrò nílé àwọn òbí rẹ̀ torí wọ́n gbà pé àìsàn èrò inú ló ń ṣe é. Ó lé ní ọdún mẹ́ta kó tó padà sílé. Èèyàn gidi ni o, kì í ṣe ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ eré. Àkàndé ní ti obìnrin tó wà nílẹ̀ ló dẹ́rù ba òun. Bàbá ọmọ yẹn ló dẹ́rù ba èmi, nítorí mo ní ọmọbìnrin kan.

Tíṣà Èdè · aago 12:44 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, ẹ máa bínú.

Ohun tó ń bí mi nínú nílé ìwòsàn ni nọ́ńbà yẹn. "Láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín?" Mo ti dáhùn ìbéèrè yẹn, mo sì mọ̀ bí mo ṣe ń dáhùn pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi kì í ṣe òótọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò ní i lọ́kàn láti purọ́. Kí ló ń jẹ́ mẹ́fà? Ta ló ti rí mẹ́fà rí?

Ẹ wo bí àwa ṣe ń sọ tiwa. Orí ń fọ́ wa. Inú ń run wá. Etí ń ro wá. Ẹ̀yìn ń dùn wá. Ìhà ń gún wa. Ojú egbò ń ta wá. Bí ẹnì kan bá sọ pé "etí ń fọ́ mi", ẹ máa wò ó lójú, ẹ máa mọ̀ pé èdè yìí ò tíì dá lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wa, a bá a lẹ́nu ìyá wa ni: ibi kọ̀ọ̀kan lára ló ní bí ó ṣe ń ké. A tún ya túúlu sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀fọ́rí lásán, torí ẹni tí túúlu ti mú rí mọ̀ pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́.

Àwọn onímọ̀ náà ti rí i. Ronald Melzack ní yunifásítì McGill ní Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rọ̀ jọ lẹ́nu àwọn aláìsàn. Ní 1975 ó gbé e jáde, ọ̀rọ̀ 78 nínú ìsọ̀rí 20: èyí tó ń jó, èyí tó ń gún, èyí tó ń fún èèyàn pọ̀, èyí tó ń tánni lókun. Kì í ṣe fún ewì ló ṣe é. Ìrora tó ń jóni, tó ń ta fìrì bí iná mànàmáná, iṣan ìmọ̀lára ló sábà máa ń ti wá, oògùn rẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti èyí tó kàn ń ro. Ẹni tó bá ní "mẹ́fà" ò tíì sọ nǹkan kan fún dókítà.

Melzack yìí àti Patrick Wall ló tún sọ ní 1965 pé ìrora ò kàn ń gba ọ̀nà tààrà lọ sí ọpọlọ, pé bí ẹnu ọ̀nà kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn tó lè ṣí, tó sì lè tì. Bí ẹ bá fi orúnkún gbá ẹsẹ̀ tábìlì, kí lẹ kọ́kọ́ ń ṣe? Ẹ ń fọwọ́ ra á. Fífọwọ́ ra yẹn ń ti ẹnu ọ̀nà náà díẹ̀. Ìyá yín ò ka ìwé Melzack kó tó máa fọwọ́ pa yín lórí.

Torí náà, Àkàndé, ẹ má bi ìyàwó yín pé mélòó. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe ń ṣe é: ṣé ó ń ro ni, àbí ó ń ta, àbí ó ń fà?

Ọmọ SS · aago 1:20 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ sì ti pa mí lẹ́kún.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, orúkọ mi ti sọ ìyókù. Ẹ gbọ́ orúkọ tí èdè wa fún àìsàn mi: fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ti bá ẹni tó ní i gbélé. Lónìí ó ń kú lọ, lọ́la ó ti dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Àkàndé pè ní ẹ̀rí pé ìyàwó wọn ń díbọ́n, òun làwọn àgbà fi sọ àìsàn tèmi lórúkọ.

Nípa nọ́ńbà, mo ní ọgbọ́n tí mò ń dá. Bí mo bá ní mẹ́wàá, wọ́n máa ní àṣejù ni, oògùn ni mò ń wá. Bí mo bá ní méje, wọ́n máa fi mí sílẹ̀ lórí àga. Mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo máa ń sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ààbọ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ kan, eegun itan méjèèjì ń ro mí bíi pé wọ́n ń fi òòlù wó o látinú. Mo ń wo fídíò apanilẹ́rìn-ín lórí fóònù, torí bí mi ò bá gbé ọkàn mi síbòmíì, igbe ló kù. Nọ́ọ̀sì kan kọjá, ó ní, "Ẹni tí ara ń ro kì í wo fóònù." Mo pa fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Òun náà ló tún padà wá: "Má pariwo, àwọn mìíràn ń sùn." Ẹ bá mi wá ojú tí mo lè gbé wọ̀.

Mo tún kà nípa ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní yunifásítì Virginia, tó jáde ní 2016. Wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́, aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn. Nǹkan bí ìdajì ló gba irọ́ kan ó kéré tán gbọ́, irú bíi pé awọ ara ẹni dúdú nípọn ju ti ẹni funfun lọ. Àwọn tó gba irú irọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́ ló sì ń fojú kéré ìrora ẹni dúdú. Dókítà ọ̀la nìyẹn o.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ · aago 1:34 ọ̀sán

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ fóònù yẹn fún ẹnì kan rí. Kì í ṣe ìwọ, àmọ́ mo ti sọ ọ́.

Ìrètí Ń Bẹ · aago 3:02 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó sọ pé ara obìnrin inú fíìmù náà ti yá? Ní 2019, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ síta. Wọ́n rí i pé oríkèé tó so agbárí mọ́ ọrùn rẹ̀ kò dúró gírí, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, àìsàn náà sì fi í sílẹ̀. Ó ń rìn. Ẹ má jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Ẹ gbàdúrà, ẹ wá dókítà tó mọṣẹ́, ọ̀nà á là.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́ · aago 3:25 ọ̀sán

Òótọ́ ni, inú mi sì dùn fún un. Àmọ́ ẹni kan nìyẹn. Iṣẹ́ abẹ ọrùn kì í ṣe ohun kékeré, kò sì sí ìwádìí tó fi hàn pé ohun tó ṣe ọrùn rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo ẹni tó ní ME. Àjọ Institute of Medicine ní Amẹ́ríkà fojú bù ú ní 2015 pé láti 836,000 dé mílíọ̀nù 2.5 ló ní i ní orílẹ̀-èdè wọn nìkan, àti pé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ò tíì gbọ́ orúkọ àìsàn náà lẹ́nu dókítà. Àwọn yẹn ò tíì dé ibi tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

Ìyá Méjì · aago 3:31 ọ̀sán

Mi ò kọ àdúrà o. Mo ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi: bí ìtàn ìwòsàn kan bá ti jáde, èèyàn mọ́kànlá ló máa fi ránṣẹ́ sí mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí mi ò bá gbìyànjú rẹ̀, ó di pé mi ò fẹ́ kí ara mi yá. Ìdákejì àìsàn mi ni kí n máa ṣàlàyé fún àwọn tó fẹ́ràn mi ìdí tí mi ò tíì fi yá.

Alábòójútó · aago 3:40 ọ̀sán

Mo ti yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ẹni náà ń ta àgbo tó ń wo fibromyalgia, endometriosis, jẹjẹrẹ àti àìríṣẹ́ṣe nínú ìgò kan náà. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Ọmọ SS · aago 3:42 ọ̀sán

Àìríṣẹ́ṣe kẹ̀? Ẹ dá a padà ná.

Àkàndé Olóòótọ́ · aago 8:15 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo fi fíìmù náà han ìyàwó mi lọ́sàn-án yìí. Mo rò pé a máa jọ sunkún. Ogún ìṣẹ́jú ló wò, ó ní kí n pa á. Mo ní ṣé ó dùn ún ni? Ó ní rárá, pé òun mọ ibi tó ń lọ. Ó ní, "Ìwọ ló yẹ kó o wò ó, o sì ti wò ó." Ló bá yíjú sí ògiri, ó sùn.

Nígbà tó jí, mo gba ìmọ̀ràn Tíṣà. Mi ò béèrè mélòó. Mo ní báwo ló ṣe ń ṣe é gan-an. Ó dákẹ́ títí, mo rò pé kò ní dáhùn. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń yí wọn lòdì síra wọn bí ẹni ń fún aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe òun láti èjìká dé ìbàdí láràárọ̀, pé wọ́n ń fún òun, omi ò sì tán. Ọdún mẹ́fà, mi ò bi í lẹ́ẹ̀kan rí.

Mo ní kí ni mo lè ṣe. Mo ti múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ńlá. Ó ní òun fẹ́ àga nídìí ibi tí òun ti ń fọ abọ́, pé ìdúró yẹn ló ń pa òun. Àga lásán! Mo rí ọ̀kan nínú yàrá tí a kì í lò. Ẹ̀yin tó mọ̀, irú èwo ló dára?

Ẹlẹ́sẹ̀ Ayọ̀ · aago 8:22 alẹ́

Ẹ wo ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ní rọ́bà. Bí kò bá ní, ẹ wá rọ́bà fi bọ̀ ọ́, torí ilẹ̀ ibẹ̀ á máa tutù, á máa yọ̀. Àga tó ń yọ̀ burú ju ìdúró lọ.

Ìyá Méjì · aago 8:30 alẹ́

Kó ní ẹ̀yìn tó lè fara tì. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀ tàbí kí ó ní ibi tó máa gbé e lé, kó má máa fi dirodiro. Tèmi ga jù níbẹ̀rẹ̀, ìbàdí ni mo fi jẹ ẹ́.

Àkàndé Olóòótọ́ · aago 8:51 alẹ́

Rọ́bà wà. Ẹ̀yìn wà. Ó jọ pé ó ga díẹ̀ lóòótọ́. Mo ti wọ̀n ọ́n, mo ti mú ayùn, mo fẹ́ gé bí ìka mẹ́ta kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí.

Ìyá Méjì · aago 8:52 alẹ́

Ẹ gbé ayùn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó lé e ná, kí ẹ bi í.